Fèrè Idẹ Mẹ́ta nílùú Ìkẹ́rẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń bèèrè ìdí tí n kò fi kọ ohunkóhun láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé ìdánwò ló kún ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn, inú pálọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò tí ènìyàn ti lè wo òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá àgbà kan ló ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan tí ó máa ń ṣeré káàkiri gúúsù Èkìtì ní àwọn ọdún 1960: ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré, títí dé ìhà Àkúrẹ́. Láyé ìgbà náà, olórí ẹgbẹ́ ló sábà máa ń ni ohun èlò orin. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a lò ó lóru, wọn a gba owó ọ̀yà, wọn a sì dá a padà sílé ọ̀gá bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìdí nìyẹn tí sáksófóònù ténọ̀ mẹ́ta fi wà lábẹ́ ibùsùn ọkùnrin kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà wọ́n. Oníṣòwò kan ti wá láti Èkó, ó ti dá owó gidi lé ọ̀kan, ó sì ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun ra èkejì, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ dán idẹ, kí ó lè máa kọ mọ̀nà. Màmá kò fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí òun kò fi fẹ́. Ó ti gbọ́ pé mo máa ń bèèrè orúkọ ohun èlò orin lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó sì rò pé ẹni tó mọ orúkọ nǹkan yóò mọ iye rẹ̀ pẹ̀lú. Oyè dókítà tèmi, ti gírámà ni. Mo sọ fún un, kò gbà.

Kí n tó wọnú ìtàn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Idẹ ni wọ́n fi ṣe sáksófóònù, òun àti kọ̀nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì jọ máa ń tò sórí ìlà kan náà nínú ẹgbẹ́ orin àwọn ológun. Síbẹ̀, n kò tíì pàdé àgbàlagbà Yorùbá kan tó pè é ní kàkàkí. Fèrè ni wọ́n ń pè é. Kàkàkí kò ní ihò lára. Ètè ẹni tó ń fọn ọ́n ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Sáksófóònù ní ihò lára, ohun pẹlẹbẹ kan tí a gé lára ọ̀pá tó jọ èèsún, tí àwọn afọnfèrè ń pè ní rídì, ni ó sì ń gbọ̀n ní ẹnu rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ohun èlò orin káàkiri àgbáyé pẹ̀lú kì í kà á mọ́ àwọn onídẹ. Àárín àwọn fèrè onígi ni wọ́n fi í sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí igi lára rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti fi orúkọ kan ṣoṣo pín in síbi tó yẹ ẹ́.

Adolphe Sax ni orúkọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n bí i ní ìlú Dinant, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1814. Ní ìlú Paris ni ó ti gba ìwé àṣẹ lórí fèrè náà ní 1846. Ẹgbẹ́ orin àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Sax fúnra rẹ̀ kò gbádùn èrè iṣẹ́ náà. Ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń bá a jìjàdù jẹ ẹ́ lówó, ó wọ gbèsè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì kú ní 1894. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ Selmer tó wà ní Paris ra ibi iṣẹ́ ìdílé Sax. Kí ọdún 1900 tó dé ni ilé-iṣẹ́ Conn pẹ̀lú ti ń ṣe sáksófóònù ní ìlú Elkhart, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí ọmọ ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà nínú pálọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe rìn dé ibẹ̀? Ẹgbẹ́ orin àwọn ológun, ti ọlọ́pàá àti ti ilé-ìwé ìjọ ti ń lo àwọn ohun èlò afẹ́fẹ́ ní Èkó kí ogun Hitler tó dé. Lẹ́yìn ogun náà ni Bobby Benson sọ wọ́n di ohun fàájì fún gbogbo ayé. Ní 1950, E.T. Mensah kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, wá sí Nàìjíríà láti ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti sáksófóònù ni Mensah ń fọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rí i pé kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ olórin kún bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kí ó tó lè mú òde gbóná. Chris Ajilo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ó kú ní 2021, ti kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó wá dá ẹgbẹ́ Cubanos sílẹ̀. Sáksófóònù ni tirẹ̀. Èkìtì náà kò gbẹ́yìn. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí Orlando Julius Ekemode ní 1943. Ó lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀dọ́, ó kọ́ fèrè níbẹ̀, ó sì gbé àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Super Afro Soul jáde ní 1966. Ní 2022 ni ó tó dágbére fáyé. Ọkọ Màmá, bí wọ́n ti sọ fún mi, kò tó bẹ́ẹ̀ lókìkí. Ó ń ṣeré ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè. Ṣùgbọ́n irú wọn ni ó pọ̀ jù, irú wọn ni a kò sì kọ ìtàn wọn.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ ará ìlà-oòrùn fi Èkó sílẹ̀, ẹgbẹ́ háíláìfù sì fọ́. Orin jùjú gba ojúde. Jìtá àti gángan ni agbára rẹ̀, kò nílò fèrè púpọ̀. Lóòótọ́, ní 1973, lẹ́yìn tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ Fela sílẹ̀, Fela fúnra rẹ̀ gbé ténọ̀ kọ́rùn. Ní àwọn ọdún 1990, K1 mú sáksófóònù wọ inú fújì. Ṣùgbọ́n Èkó ni gbogbo èyí. Ní Ìkẹ́rẹ́, Màmá ní 1974 ni ọkọ òun ṣe òde owó tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó di àgbẹ̀ kòkó, ó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìkórè.

Ní ọjọ́ Sátidé tí a dá, mo mú ènìyàn méjì dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìsẹ̀ tó ń fọn ténọ̀ ní ìjọ rẹ̀ ni èkíní. Onígángan kan láti Emùré ni èkejì. Èmi náà lè fọn díẹ̀, mo kọ́ ọ ní ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fọn kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. A ṣe é bí a ti ń ṣe ìdánwò ohùn ní yàrá ẹ̀kọ́: ẹnu fèrè kan náà, rídì kan náà, afọnfèrè kan náà, yàrá kan náà. Bí a bá pààrọ̀ ẹnu fèrè, ìyẹn nìkan lè yí ohùn padà ju ìyàtọ̀ tó wà láàrin fèrè méjì lọ.

Iná lọ bí a ti ń jókòó, ó sì ràn wá lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn ni ènìyàn ti ń mọ fèrè tó ń jò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti tọ́ọ̀ṣì kékeré bọnú fèrè, ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ pa, a sì ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà, atẹ́gùn á gbà níbẹ̀.

Èkíní ni Selmer tí wọ́n ń pè ní Mark VI. Láti 1954 títí di àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ afọnfèrè kárí ayé fi ń wọn gbogbo ténọ̀ yòókù. Ọjà tilẹ̀ ti sọ nọ́ńbà ara rẹ̀ di ohun ìdíje: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tó 100,000 ni olówó ń wá kiri. Ti Ìkẹ́rẹ́ lé díẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbi tí ìka ń lọ fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ṣù papọ̀, kò fọ́nká. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìwọ̀n kan náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Èyí ni oníṣòwò dá owó lé.

Èkejì ni Conn tí wọ́n ń pè ní 10M. Etí àwọn ihò rẹ̀ ni wọ́n ká bí etí abọ́ tánńganran, Conn sì ti dẹ́kun irú iṣẹ́ yẹn ní nǹkan bí 1947, nítorí náà ó ti lo ọwọ́ ẹlòmíràn kí ó tó dé Ìkẹ́rẹ́. Lẹ́tà M ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, L sì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé ní láti kékeré ni òun ti gbà pé L túmọ̀ sí Lagos. Ohùn ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ni L náà ń tọ́ka sí, ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Nígbà kan rí, oríṣi ìwọ̀n méjì ló wà lọ́jà. Wọ́n fín àwòrán obìnrin sí ara fèrè yìí, obìnrin náà kò sì wọṣọ. Nígbà tí bàbá ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ pílásítà ojú egbò mọ́ àyà arábìnrin náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Irin agboòrùn ni bàbá fi rọ́pò sípíríǹgì kan, awọ bàtà ni ó sì gé dí ihò méjì. Fèrè náà wúwo, bọ́tìnnì tí ìka kékeré ọwọ́ òsì ń tẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ fẹ̀! Nígbà tí ó fọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹta ló dára jù lójú. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì kùn ún ní fánìṣì tuntun. Ẹ̀rọ náà ti yún orúkọ ẹni tó ṣe é dànù, ó sì ti yún etí àwọn ihò rẹ̀ tín-ín-rín, débi pé kò sí páàdì tó jókòó dáadáa lórí wọn mọ́. Nígbà tí a ti tọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó tàn bí àjẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jáde rárá.

Títí di ibí yìí, ohun tí afọnfèrè ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní New York yóò sọ ni a sọ. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pe onígángan ni ó kù. Ohùn ìsàlẹ̀ jù lórí ténọ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 104 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan; ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sì sábà máa ń wà láàrin 85 sí 180. Ìyẹn ni pé bí ténọ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ibi tí àwa fúnra wa ti ń sọ̀rọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí onígángan sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀: igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá. Mo ní kí fèrè dá a lóhùn.

Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ìgbá, ni ó ń tú àṣírí. Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu wa, kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà; ó máa ń fà lọ sókè. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé òkè, bíi nínú rárà, ó máa ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Onígángan fún ọsán mọ́ra, ó ti dé ibẹ̀. Ìka afọnfèrè kò lè fà bẹ́ẹ̀, fífò ni ti ìka. Ètè ni ó ń fà á, nípa dídẹ̀ àti fífún mọ́ rídì. Mark VI ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn: a gbọ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí wọ́n fi í sí, ó sì dúró. Conn ń gòkè bí ẹni tó ń gun Olósùnta. Onígángan Emùré, ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ Conn rí, fi ọ̀pá ìlù rẹ̀ nà án, ó ní, “Eléyìí gbọ́ Yorùbá.”

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Conn rí, tàbí pé Mark VI kò lè kọrin wa. Fèrè mẹ́ta ni, afọnfèrè kan, ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí à ń gbé wọn lé kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń tún ìgbá fọn lórí Conn, Màmá jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún omi ẹ̀fọ́. Kò rí fèrè tí wọ́n ń fọn kí ó tó sọ̀rọ̀. “Dókítà, ìyẹn ni. Òun ló fi máa ń pè mí.” Ó ní bí ọkọ òun bá ń ti òde bọ̀ lóru, orí títì ni yóò ti fi fèrè pe oríkì òun, kí òun lè ti oúnjẹ kaná. N kò ní kọ oríkì náà síbí. Sílébù mẹ́ta ni: dò, dò, mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọn ọ́n lórí Mark VI, Màmá mi orí. Ó fọn ọ́n lórí Conn, Màmá fi ọwọ́ tútù bo ẹnu.

Èyí tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ dán nìyẹn o.

Mo wá sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, ìtàn ìlú tiwọn. Láàrin 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan lára wọn lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Àwọn onímọ̀ ń dá iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ nípa bí irin iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá lára igi. Ká ní ẹnìkan ti fi ìwé ìfági yún ojú igi náà kí ó lè dán ni, kí ni wọn ìbá fi mọ̀ ọ́n?

Àkọ́bí bèèrè iye tí ilẹ̀kùn náà yóò tó lónìí. Màmá bèèrè bóyá ìtẹ́ náà ní ìrọ̀rí.

Wọ́n ti ta Mark VI. Ọmọ-ọmọ kan fẹ́ wọ yunifásítì, owó fèrè náà ni wọ́n fi san owó ilé-ìwé rẹ̀. N kò rí ẹ̀bi níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ dun ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìsẹ̀. Èyí tí kò lórúkọ ni wọ́n yá a, ó sì ti ń wá páàdì tí yóò bá a mu kiri. Conn padà sábẹ́ ibùsùn, láìdán, tòun ti pílásítà rẹ̀.

Kí n tó wọ mọ́tò, iṣẹ́ mi tún gbé mi. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé fèrè kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ni ó ń sọ. Dò, dò, mí lè jẹ́ Àdùkẹ́, ó lè jẹ́ Àṣàkẹ́, ó lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ó sì lè jẹ́ Àdùnní. Ó yẹ kí ìdajì àwọn obìnrin àdúgbò náà ti máa jí lóru láti ti oúnjẹ kaná.

Màmá ní bóyá wọ́n jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni òun máa ń rí lójú ọ̀nà.